Jennifer: Orúkọ tí Ó Yè Lẹ́yìn Èdè Rẹ̀

Láti ọdún 1970 títí di ọdún 1984, ọdún 15 gbáko, kò sí orúkọ tí àwọn òbí ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sọ ọmọbìnrin wọn tó Jennifer. Ní ọdún 1972 nìkan, ọmọbìnrin tí ó lé ní 60,000 ni wọ́n fún ní orúkọ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá kó ọmọbìnrin 25 tí wọ́n bí lọ́dún náà jọ, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ọ̀kan nínú wọn yóò máa jẹ́ Jennifer. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dàgbà tó ẹni tí ń lọ sí iléèwé, bí olùkọ́ bá pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta a dáhùn. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé kí wọ́n fi lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan kún un: Jennifer B., Jennifer M., Jennifer S.

Orúkọ tí ó gbilẹ̀ tó báyìí, ẹni tí kò bá wádìí yóò rò pé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé ni, tàbí pé inú Bíbélì ni wọ́n ti mú un bí wọ́n ti mú Mary, Elizabeth àti Sarah. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Jennifer kò sí nínú Bíbélì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1900, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní London àti ní New York ni kò tíì gbọ́ ọ rí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀yà kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti tì sí bèbè òkun ni ó ti wá, láti inú èdè kan tí ó ti kú lẹ́nu àwọn tí wọ́n ni ín kí orúkọ náà tó máa rìn kiri ayé.

Kí àwọn baba ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀dó sí erékùṣù Britain, àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ ní èdè tiwọn. Bí àwọn àjèjì náà ti ń gba ilẹ̀ ni àwọn onílẹ̀ ń sún sẹ́yìn sí ìwọ̀ oòrùn. Àwọn kan dúró sí ibi tí a ń pè ní Wales lónìí. Àwọn mìíràn wà ní Cornwall, ní ṣóńṣó ilẹ̀ tí ó wọ inú òkun ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà. Àwọn kan tilẹ̀ sọdá omi lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ọmọ ìyá kan náà ni èdè wọn, ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìyàtọ̀ ń wọ inú rẹ̀, ó sì di pé wọn kò gbọ́ ara wọn yékéyéké mọ́.

Àwọn ará Wales ni ó ni Gwenhwyfar, tí í ṣe ìyá Jennifer. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀. Gwen túmọ̀ sí funfun, kì í sì í ṣe funfun ti àwọ̀ lásán. Ó kó ẹwà, ìwà mímọ́ àti ìbùkún mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí funfun ti rí lọ́kàn ẹni tí ó bá mọ ohun tí àlà Ọbàtálá dúró fún. Lórí apá kejì orúkọ náà, ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò. Àwọn kan ní ohun tí ó ń jọ̀lọ̀ ni. Àwọn mìíràn ní iwin tàbí ẹ̀mí àìrí ni. Ẹ̀rí tí àwọn ẹgbẹ́ kejì dì mú ni pé orúkọ kan wà nínú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Ireland tí ó bá Gwenhwyfar dọ́gba: Findabair, ọmọbìnrin Ayaba Medb, iwin sì ni apá kejì orúkọ tirẹ̀ ń tọ́ka sí. Bí ti àwọn yìí bá tọ̀nà, a jẹ́ pé iwin funfun ni Jennifer, ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ ìyá tí ó sọ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ì bá má gbà bí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣàlàyé fún un.

Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu ilẹ̀ Wales, Gwenhwyfar ni ìyàwó Ọba Arthur. Bóyá Arthur gbé ayé rí tàbí kò gbé e, àwọn òpìtàn kò tíì fẹnu kò lé e lórí, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ lágbára ju ti ọ̀pọ̀ ọba tí ó jẹ lóòótọ́ lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1136, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Geoffrey of Monmouth kọ ìtàn àwọn ọba Britain ní èdè Látìnì. Nínú ìwé rẹ̀, ìran Róòmù ni ayaba náà, ilé Cador, ìjòyè ńlá Cornwall, ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Láti ìgbà náà ni orúkọ Cornwall ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Geoffrey ní nígbà tí Arthur lọ sógun lókè òkun, Mordred ọmọ àbúrò rẹ̀ gba ìtẹ́, ó sì gba aya rẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbẹ̀yìn ayaba ni pé ó sá wọ ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn.

Ní nǹkan bí 40 ọdún lẹ́yìn náà, akéwì Faransé kan, Chrétien de Troyes, mú ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Òun ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ayaba àti Lancelot, jagunjagun tí Arthur fẹ́ràn jù, ń fẹ́ra wọn ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yìí dùn ún gbọ́ létí àwọn ará ààfin ju ti ogun lọ, ó sì di pé kò sí ẹni tí ó tún lè sọ ìtàn Arthur láìsọ ọ́. Nígbà tí William Caxton, ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé Thomas Malory jáde ní ọdún 1485, ìfẹ́ ayaba àti Lancelot ni ó fọ́ ìjọba Arthur nínú rẹ̀.

Yorùbá ní orúkọ a máa ro ọmọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní òwe yìí, ṣùgbọ́n ìṣe wọn fi hàn pé wọ́n ní ìbẹ̀rù rẹ̀. Arthur pọ̀ láàárín wọn. Guinevere, bí wọ́n ti ń kọ orúkọ ayaba náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò wọ́pọ̀. Ta ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ dé iwájú àlùfáà fún ìrìbọmi kí ó sì pe orúkọ obìnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí aláìṣòótọ́ sí ọkọ rẹ̀? Ní Wales pàápàá, níbi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀, ewì kúkúrú kan wà tí àwọn ènìyàn fi ń bú ayaba náà pé ìwà rẹ̀ kò dára láti kékeré.

Síbẹ̀ orúkọ náà kò kú. Bí Yemọja ṣe di Iemanjá ní Brazil tí ó sì di Yemayá ní Cuba, bẹ́ẹ̀ ni Gwenhwyfar ń para dà lẹ́nu ẹnikẹ́ni tí ó bá gbà á. Ní Ítálì ó di Ginevra. Ọmọbìnrin ọlọ́rọ̀ kan ní ìlú Florence tí ń jẹ́ orúkọ náà, Ginevra de' Benci, ni Leonardo da Vinci ya àwòrán rẹ̀ láàárín ọdún 1474 sí 1478, àwòrán náà sì wà ní Washington títí di òní. Ní Scotland ó di Vanora. Àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di Gaynor. Àwọn ará Cornwall pè é ní Jenifer.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ ní Cornwall. Ilẹ̀ apẹja àti awakùsà ni. Láti ayé àtijọ́ ni wọ́n ti ń wa tánganran níbẹ̀, tí wọ́n ń tà á fún àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọdún 1549, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí gbogbo ìjọ máa fi ìwé àdúrà tuntun jọ́sìn, ìwé tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Cornwall àti àwọn aládùúgbò wọn ní Devon dìde ogun. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn wọn ránṣẹ́ sí ọba, wọ́n sì sọ nínú rẹ̀ pé àwọn kan láàárín àwọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ìjọba rán ọmọ ogun sí wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kú. Ìwé àdúrà Gẹ̀ẹ́sì dúró. Kò sí ẹni tí ó ṣe ìwé àdúrà tàbí Bíbélì fún wọn ní èdè tiwọn.

Ìyàtọ̀ tí èyí mú wá hàn gbangba bí a bá fi wọ́n wé àwọn ìbátan wọn ní Wales. William Morgan túmọ̀ odindi Bíbélì sí èdè Wales, ó sì jáde ní ọdún 1588. Èdè Wales ṣì wà láàyè lónìí, wọ́n ń fi í kọ́ ọmọ ní iléèwé, wọ́n sì ń fi í ka ìròyìn lórí rédíò. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ tí Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní ọdún 1884 ṣe fún kíkọ èdè Yorùbá sílẹ̀ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé àdúrà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsìn nìkan. Èdè tí wọ́n lé jáde kúrò nínú ilé ìjọsìn àti ilé ẹjọ́ kò ní ibòmíràn láti gbé ju inú ilé àti etí òkun lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Etí òkun náà ni wọ́n ti rí èyí tí ó kẹ́yìn. Ní ọdún 1768, ọmọwé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Daines Barrington, rin ìrìn àjò lọ sí Cornwall láti wá ẹni tí ó ṣì gbọ́ èdè náà. Wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ obìnrin ẹlẹ́ja kan ní abúlé Mousehole, Dolly Pentreath. Wọ́n sọ fún obìnrin náà pé àlejò yìí kò gbà pé ó lè sọ èdè Cornwall. Inú bí i. Ó fi ohùn líle sọ̀rọ̀ sí àlejò náà fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta ní èdè tí ó dún létí Barrington bí èdè Wales. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà ń rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n gbọ́ èébú tí ó ń bú ú. Dolly Pentreath kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1777. Àwọn òpìtàn ní àwọn díẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ṣì gbọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ayé mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni ìkẹyìn tí ó sọ èdè náà láti kékeré. Ní ọdún 1860 wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì abúlé Paul.

Ní gbogbo àkókò tí èdè náà ń kú lọ, wọ́n ń sọ ọmọ ní Jenifer. Ó wà nínú ìwé ìrìbọmi àwọn ìjọ Cornwall ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, láàárín àwọn ọmọ apẹja, ọmọ awakùsà àti ọmọ àgbẹ̀. Kò ṣòro láti rí ìdí rẹ̀. Orúkọ kò nílò gírámà. Ìyá tí kò lè fi èdè ìyá rẹ̀ béèrè omi mọ́ lè ṣì fi orúkọ ìyá rẹ̀ sọ ọmọ. Ó sì dà bí ẹni pé ìtìjú ayaba Arthur kò dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí ọ̀nà tí orúkọ náà ti jìn sí ti inú ìwé kò jẹ́ kí ó rántí aya ọba fún ẹnikẹ́ni. Jenifer ni ìyá àgbà ń jẹ́, ó tán.

Nígbà tí iṣẹ́ ìwakùsà dẹnu kọlẹ̀ ní Cornwall ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ibẹ̀ kó lọ sí Australia, Amẹ́ríkà, Mexico àti South Africa, ibikíbi tí ihò kùsà bá wà. Wọ́n kó orúkọ wọn dání. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn awakùsà wọ̀nyí ni ó sọ Jennifer di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Òǹkọ̀wé eré ni.

Ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ díẹ̀ kí ó tó dé. Láti ọdún 1859, akéwì ńlá Tennyson ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ewì jáde lórí Arthur àti àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tún fẹ́ràn orúkọ inú ìtàn náà, irú bí Enid àti Elaine. Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá ọdún 1906, George Bernard Shaw gbé eré tuntun kan jáde ní gbọ̀ngàn Royal Court ní London, èyí tí ó pè ní The Doctor's Dilemma. Dókítà kan nínú eré náà rí ìwòsàn ikọ́ ife, ṣùgbọ́n ààyè ènìyàn kan ṣoṣo ni ó kù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ènìyàn méjì ni ó ń ṣàìsàn: dókítà òtòṣì kan tí ó jẹ́ ènìyàn rere, àti ayàwòrán kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ oníjìbìtì. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé dókítà náà ti fẹ́ràn ìyàwó ayàwòrán. Jennifer ni ìyàwó náà ń jẹ́. Shaw mọ̀ pé orúkọ náà yóò ṣàjèjì létí àwọn òǹwòran, nítorí náà ó jẹ́ kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ ṣàlàyé fún dókítà pé ọmọ Cornwall ni òun, àti pé Guinevere ti àwọn ẹlòmíràn ni ó ń jẹ́ Jennifer lọ́dọ̀ àwọn. Dókítà jẹ́ kí ọkọ náà kú. Obìnrin náà kò sì fẹ́ ẹ. Ẹlòmíràn ni ó fẹ́.

Ìtumọ̀ iṣẹ́ tí Shaw ṣe pọ̀ ju bí ó ti rí lójú lọ. Ó gbé orúkọ aya apẹja, ó wọ̀ ọ́ fún obìnrin arẹwà kan lórí ìtàgé London, níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti ọmọ ọlọ́lá. Láti ọjọ́ náà Jennifer bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ abúlé rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbà á ní nǹkan bí 20 ọdún kí ó tó tàn ká. Ní ọdún 1931, nígbà tí Daphne du Maurier tẹ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, tí ó jẹ́ ti ìdílé kan ní Cornwall, Jennifer ni ó sọ ọmọbìnrin tí ó gbẹ̀yìn ìtàn náà. Láti àwọn ọdún 1930 títí dé àwọn ọdún 1950, orúkọ náà wọ́pọ̀ jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá láàárín àwọn tí wọ́n rí jẹ.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni ó dùn jù. Ní ọdún 1919, ní ìlú Tulsa, ìpínlẹ̀ Oklahoma, wọ́n bí ọmọbìnrin kan fún àwọn òbí tí wọ́n ń gbé eré orí ìtàgé kiri nínú àgọ́. Phylis Isley ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí David O. Selznick, ọ̀gá àwọn tí ń ṣe fíìmù, gbà á síṣẹ́, ó ní àfi kí ó yí orúkọ náà padà. Ní ọdún 1942 ó di Jennifer Jones. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: Jones jẹ́ orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, Jennifer sì jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì gbọ́, kò sì sí ẹni tí yóò gbé e fún ẹlòmíràn. Ọdún kan lẹ́yìn náà ó ṣeré nínú The Song of Bernadette, fíìmù ọmọbìnrin Faransé tí ó rí Màríà Wúńdíá. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 1944, ọjọ́ tí ó pé ọmọ ọdún 25 gan-an, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Oscar.

Àjọ tí ó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ọmọ láti ọdún 1880. Ní ọ̀pọ̀ ọdún tí ó kọ́kọ́ wà nínú ìwé náà, Jennifer kò sí láàárín orúkọ obìnrin 1,000 tí ó wọ́pọ̀ jù. Ìparí àwọn ọdún 1930 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé síbẹ̀, láti ìsàlẹ̀. Kí ó tó di ọdún 1960 ó ti wà nínú 100 àkọ́kọ́. Kí ó tó di ọdún 1970 ó ti wà nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Mary ni ó kọ́kọ́ wà lókè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Linda gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọdún 1947 sí 1952, Mary gbà á padà, Lisa sì jókòó síbẹ̀ láti ọdún 1962 dé 1969. Lẹ́yìn Lisa ni ìjọba ọdún 15 ti Jennifer bẹ̀rẹ̀.

Àlàyé kan wà tí ó gbajúmọ̀ lórí bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní Love Story ni ó fà á, ìwé Erich Segal tí wọ́n sọ di fíìmù, nínú èyí tí ọmọbìnrin tálákà kan, Jennifer Cavalleri, fẹ́ ọmọ olówó, tí àìsàn sì pa á ní kékeré. Àìmọye ènìyàn ni ó sunkún nínú sinimá. Àlàyé náà dùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ kò jẹ́ kí ó rí ẹsẹ̀ dúró. Oṣù Kejì ọdún 1970 ni ìwé náà jáde. Oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni fíìmù rẹ̀ jáde. Nígbà tí àwọn ènìyàn fi ń tò sí ẹnu ọ̀nà sinimá, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bí gbogbo ọmọ tí ó sọ Jennifer di àkọ́kọ́ lọ́dún náà tán, wọ́n sì ti sọ wọ́n lórúkọ. Stanley Lieberson, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Harvard, kọ ìwé kan jáde ní ọdún 2000 lórí bí orúkọ ṣe ń gbajúmọ̀ tí ó sì ń rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi hàn pé irú àṣìṣe yìí wọ́pọ̀. Òǹkọ̀wé pẹ̀lú jẹ́ ará ìlú. Ó ń gbọ́ orúkọ tí ó ń bọ̀ lókè bí àwọn yòókù ṣe ń gbọ́ ọ, ó sì fún akọni rẹ̀. Orúkọ náà ni ó gbé ìwé, kì í ṣe ìwé ni ó gbé orúkọ. Bí fíìmù náà bá ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ọwọ́ tí ó ní ni pé ó pa iná tí ó ti ń jó lẹ́pọ̀.

Kí ni ó wá fà á? Àwọn òbí tí wọ́n ń bímọ nígbà náà kò fẹ́ orúkọ ìyá wọn àti ti ìyá àgbà wọn mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ èyí tí àwọn aládùúgbò yóò fi máa wò wọ́n bákan. Jennifer jẹ́ tuntun, síbẹ̀ Jenny, tí a lè fi gé e kúrú, kì í ṣe tuntun rárá. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń fi Jenny pe àwọn tí ń jẹ́ Jane. Ó bọ́ sí àárín gbùngbùn. Ìyá kan ní Ohio yàn án, ìyá kan ní Texas yàn án, ìyá kan ní California yàn án, kò sí èyí tí ó mọ èkejì, olúkúlùkù sì rò pé òun nìkan ni ó rí i. Ọjọ́ tí wọ́n mú ọmọ lọ sí iléèwé ni wọ́n tó mọ̀ pé odindi orílẹ̀-èdè ni ó ti bá wọn ronú.

Ìwọ̀nba ni orúkọ lè fara da irú ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fẹ́ ẹ ni pé kò wọ́pọ̀. Nígbà tí ó wọ́pọ̀ tán, kí ni ó kù? Jessica gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1985. Ní ọdún 1988, àwọn obìnrin méjì kan tẹ ìwé amọ̀nà jáde fún àwọn òbí tí ń wá orúkọ ọmọ, àkọlé rẹ̀ sì ni Beyond Jennifer & Jason. Jennifer ti di àpẹẹrẹ ohun tí ó yẹ kí a yà fún. Lónìí kò sí nínú 100 àkọ́kọ́ mọ́, ó sì ti di àmì ọjọ́ orí. Bí Comfort, Felicia àti Florence ṣe máa ń mú kí ènìyàn ronú kan ìyá àgbà ní ilẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni Jennifer fún ọmọ Amẹ́ríkà ṣe jẹ́ orúkọ ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀, obìnrin tí ó ti lé ní 40 ọdún. Jennifer Aniston àti Jennifer Lopez, ọdún 1969 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì.

Ó ti lé ní 20 ọdún tí orúkọ náà ti kúrò ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà kí ó tó di olókìkí jù lọ láàárín àwọn Yorùbá. Ní ọdún 2008 ni Funke Akindele gbé fíìmù Jenifa jáde, èyí tí ó jẹ́ kí ó gba ẹ̀bùn òṣèré obìnrin tí ó ta yọ jù ní ayẹyẹ AMAA ọdún 2009. Ọmọ abúlé ni Suliat nínú fíìmù náà. Ó wọ yunifásítì, ó rí àwọn ọmọbìnrin tí ayé ń wárí fún, ó sì fẹ́ dà bí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ. Suliat, tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá máa ń jẹ́, kò ní òórùn ìlú ńlá lójú rẹ̀. Jenifa ni ó ní in. Gbogbo ẹ̀rín tí a ń rín sí i dá lórí pé orúkọ náà kò bá ahọ́n rẹ̀ mu. Bí ó bá ti pe ara rẹ̀ ní Jenifa tán, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí ó tẹ̀ lé e a tú àṣírí abúlé tí ó ti wá.

Àwọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín kò ṣẹ̀, nítorí eré náà dùn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìtàn orúkọ náà sí ẹ̀gbẹ́ eré yìí, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Orúkọ abúlé ni Suliat sá lọ bá. Àwọn obìnrin etí òkun tí ahọ́n wọn kò yí Gẹ̀ẹ́sì bí ti àwọn ará London ni wọ́n tọ́jú Jenifer fún ọ̀rúndún mélòó kan nígbà tí kò sí ọmọ ọlọ́lá kan tí ó fẹ́ jẹ́ ẹ. Àwọn ará ìlú ńlá ń fi ohùn wọn ṣẹ̀fẹ̀ bí a ti ń fi ohùn Suliat ṣẹ̀fẹ̀. Èdè tí ó bí orúkọ náà kú nítorí pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń sọ ọ́ kọ́ láti tijú rẹ̀, lẹ́yìn tí ìjọba ti fi agbára ogun lé e jáde nínú ilé ìjọsìn. Phylis Isley náà ti rin ọ̀nà tí Suliat rìn: ó bọ́ orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó di olókìkí ní Hollywood, Jennifer kan náà ni ó sì gbé wọ̀.

Ní Cornwall, àwọn ènìyàn ti ń tiraka láti jí èdè wọn dìde láti ọdún 1904, nígbà tí Henry Jenner tẹ ìwé jáde tí ó fi ń kọ́ni ní èdè náà. Ìjọba Britain gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí èdè ìbílẹ̀ ní ọdún 2002. Ní ọdún 2010, àjọ UNESCO yọ ọ́ kúrò nínú àwọn èdè tí ó ti kú pátápátá, ó sì fi í sí àárín àwọn tí ó wà ní bèbè ikú. Àwọn tí wọ́n ń sọ ọ́ dáadáa kò pọ̀, inú ìwé ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti kọ́ ọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, fíìmù tuntun Funke Akindele, Everybody Loves Jenifa, jáde ní àwọn sinimá Nàìjíríà. Lẹ́tà n kan ṣoṣo ni ó wà nínú orúkọ náà lára àwọn pátákó ìpolówó rẹ̀, bí àwọn akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì Cornwall ṣe máa ń kọ ọ́.